Àgbẹ̀ Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tí Ń Kọ̀wé Lábẹ́ Òfin Ẹlòmíràn

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìdó lọ sí Ọ̀yẹ́, tí ó sì ti Ọ̀yẹ́ kọjá sí Ìkọ̀lé, yóò rí oko kòkó àti oko iṣu ní ọ̀tún àti ní òsì, kò sì ní mọ èyí tí í ṣe ti onílẹ̀ àti èyí tí í ṣe ti àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ewé kòkó kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń dáko níbẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà dáradára. Ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ̀ pé òun lè gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ bí ó ti wu òun. Ṣùgbọ́n kí ó tó fi igi kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ sílẹ̀, ó níláti padà tọ onílẹ̀ lọ, kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ yékéyéké níwájú ẹlẹ́rìí. Kí ni ìdí rẹ̀? Iṣu kì í ju ọdún kan lọ lórí ebè. Kòkó a máa wà nílẹ̀ títí yóò fi di ti ọmọ-ọmọ. Ohun tí yóò pẹ́ kò gbọdọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ tí kò lè pẹ́.

Ìlànà tí àwọn baba wa fi ń ṣètò ilẹ̀ yìí ni a fẹ́ fi wo ọ̀ràn kan tí ó kan àwọn olùkọ́, àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn atẹ̀wé kéékèèké ní apá àríwá Èkìtì, àní ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀ràn náà ni ti ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí òfin tí ẹlòmíràn ṣe. Òun kọ́ ni ó ṣe òfin náà, kò sì ní agbára láti yí i padà, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni ó kọ́ ilé tirẹ̀ sí. Bí oní-òfin bá wá gbé òfin tuntun jáde, tí ó sì na ìwé àṣẹ tuntun sí i pé kí ó fọwọ́ sí i, kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó tẹ̀ lé e ni? Ṣé kí ó kọ̀ ni? Àbí kí ó sọ pé àṣẹ àtijọ́ tó òun?

Ìtàn mẹ́ta ni a óò fi dáhùn ìbéèrè náà. Èkínní ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ń tẹ ìwé eré. Èkejì ṣẹlẹ̀ sí èdè Yorùbá fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣì ń ṣẹlẹ̀ lójú wa ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìtàn eré kò yẹ lójú ewé yìí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò fún olùkọ́ ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò fún atẹ̀wé ní Amẹ́ríkà.

Eré Tí Ó Di Ẹjọ́

Ní ọdún 1974, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, gbé eré kan jáde tí a ń pè ní Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ni àwọn tí ó ṣe é. Eré náà kò jìnnà sí àlọ́ tí a ń pa lábẹ́ òṣùpá. Ẹnì kan ni apàlọ́. Àwọn yòókù jókòó yí tábìlì ká. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí wọ́n kàn máa gbe orin nìkan. Olúkúlùkù a gbé ìwà ẹnì kan wọ̀ nínú ìtàn náà: ọ̀kan á di ọdẹ, òmíràn á di jagunjagun, òmíràn á di oníṣègùn, yóò sì máa sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe. Bí ọdẹ bá ta ọfà, wọn á ju dáìsì bí ìgbà tí a ń ta lúdò, láti mọ̀ bóyá ọfà náà bà tàbí ó tàsé. Ìwé òfin eré ni ó ń sọ bí a ó ti ka dáìsì náà. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, yóò mọ irú ìtàn tí wọ́n ń ṣe: ọdẹ akíkanjú tí ó wọ inú igbó ẹ̀rù lọ, tí ó ń pàdé iwin ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí.

Eré tí ó dúró lórí ìtàn a máa jẹ ìtàn tuntun bí iná ti ń jẹ igi. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè kọ èyí tí yóò tó. Nítorí náà ni àwọn ẹlòmíràn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìtàn, àwòrán ilẹ̀ àti ẹranko àjèjì tí a lè lò pẹ̀lú òfin náà. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra eré náà. Ní ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìṣeré, Hasbro, ra Wizards of the Coast náà. Ní ọdún 2000, nígbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà kẹta òfin náà jáde, wọ́n ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀ nínú irú òwò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé àṣẹ kan lélẹ̀ tí wọ́n pè ní Open Game License, tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni lè mú egungun òfin eré náà, kí ó kọ ìwé tirẹ̀ lé e lórí, kí ó sì tà á láìsan kọ́bọ̀ fún onílé. Ryan Dancey, ẹni tí ó ṣe agbátẹrù ètò náà, rí i pé bí àwọn tí ń kọ̀wé lórí òfin náà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí yóò ra ìwé òfin gan-an yóò máa pọ̀ sí i. Bí ọjà bá kún, onílẹ̀ ọjà ni ó kọ́kọ́ ń jèrè.

Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn atẹ̀wé kéékèèké dìde. Àwọn mìíràn nínú wọn kò ju ẹnì kan tàbí ẹni méjì lọ nínú yàrá kan. Wọ́n ń tẹ̀wé, wọ́n ń tà, wọ́n sì fi ń bọ́ ọmọ. Àlejò ti bẹ̀rẹ̀ sí gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ní ọdún 2008 ni onílẹ̀ mú ẹ̀dà kẹrin òfin náà dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ mìíràn. Ìwé ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí le. Ó fún onílé ní agbára láti yí àdéhùn náà padà nígbàkígbà tí ó bá wù ú, ó sì sọ pé ọ̀wọ́ ìwé tí atẹ̀wé bá ti kó wá sábẹ́ àṣẹ tuntun, kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ àṣẹ àtijọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ló kọ̀ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Paizo, tí ó ti ń bá onílé tẹ ìwé ìròyìn eré náà títí di ọdún 2007, mú òfin ẹ̀dà kẹta tí àṣẹ àtijọ́ fún un, ó tún un ṣe, ó sì gbé eré tirẹ̀ jáde ní ọdún 2009, tí ó pè ní Pathfinder. Eré náà di orogún pàtàkì fún ti onílé. Nígbà tí ẹ̀dà karùn-ún dé ní ọdún 2014, onílé ti kọ́gbọ́n; ní ọdún 2016, ó tún fi òfin náà sábẹ́ àṣẹ àtijọ́, àlàáfíà sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìròyìn tú síta pé Wizards of the Coast ti kọ ìwé àṣẹ tuntun sílẹ̀, nígbà tí ìmúrasílẹ̀ fún ìwé òfin tuntun ti ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mú ọkàn àwọn atẹ̀wé pami. Ẹni tí owó tí ó pa bá ti ju 50,000 dọ́là lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ máa jábọ̀ fún onílé. Ẹni tí ó bá pa ju 750,000 dọ́là lọ gbọ́dọ̀ san ìdá 25 nínú 100 lórí ohun tí ó lé. A kò sì sọ pé lórí èrè. Lórí gbogbo owó tí ó wọlé ni. Ẹni tí ó bá mọ iye tí bébà, tádàwà àti ọkọ̀ ń jẹ lára owó ìwé yóò mọ̀ pé irú ìṣákọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kó gbogbo oko lọ.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn wọ́n jù. Ìwé náà sọ pé àṣẹ àtijọ́ ti ọdún 2000 kì í ṣe èyí tí a fọwọ́ sí mọ́. Àwọn atẹ̀wé sáré padà sí ìwé tí wọ́n ti ń lò fún ọdún méjìlélógún. Wọ́n rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣẹ náà wà “títí láé”. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i níbi kankan pé “a kò lè gbà á padà”. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí jọra létí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà lójú òfin. Ohun tí ó wà títí láé ni ohun tí a kò dá ọjọ́ fún. A lè máa jiyàn bóyá ẹni tí ó fi í lélẹ̀ lè tún na ọwọ́ kó o. Ohun tí a kò lè gbà padà ni ohun tí ẹni tí ó fi í lélẹ̀ ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́ lé lórí.

Ẹ wá wo ọgbọ́n àgbàlagbà. Nínú ìwé tuntun yẹn kan náà, onílé béèrè pé kí òun ní àṣẹ láti lo gbogbo iṣẹ́ tí àwọn atẹ̀wé kéékèèké bá ṣe, láìsan owó. Nígbà tí ó ń kọ ti ara rẹ̀ sílẹ̀, kò gbàgbé láti kọ ọ́ pé àṣẹ ti òun yìí wà títí láé, a kò sì lè gbà á padà. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ ibi tí ó yẹ kí ó wà. Ara rẹ̀ nìkan ni ó fi í sí.

Ariwo ta. Àwọn tí ń ṣe eré náà bẹ̀rẹ̀ sí fagi lé owó oṣooṣù tí wọ́n ń san fún ilé-iṣẹ́ náà. Paizo kéde ní ọjọ́ kejìlá oṣù náà pé òun àti àwọn atẹ̀wé mìíràn yóò kọ ìwé àṣẹ tuntun tí kò ní jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní lè gbà padà; láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sọ pé òun ti ta ìwé òfin Pathfinder tí òun rò pé yóò tó oṣù mẹ́jọ. Kobold Press bẹ̀rẹ̀ òfin eré tirẹ̀. Nígbà tí onílé tún ìwé rẹ̀ ṣe tí ó sì béèrè èrò àwọn ènìyàn, èyí tí ó ju 15,000 lọ dáhùn, ìdá 88 nínú 100 sì sọ pé àwọn kò fẹ́ tẹ̀wé lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2023, onílé jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Ó fi àṣẹ àtijọ́ sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì tún gbé egungun òfin ẹ̀dà karùn-ún náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà padà mọ́ bí a bá ti fi í lélẹ̀. Ìwé òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọdún 2024. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, egungun tirẹ̀ náà bọ́ sábẹ́ àṣẹ kan náà. Àlejò ti gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀.

Kí ni ó jẹ́ kí àwọn ẹni kékeré borí? Ohun mẹ́ta ni. Wọ́n ka ìwé náà. Wọ́n ní ibòmíràn tí wọ́n lè kó lọ. Wọ́n sì sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò jẹ́ kí a pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin Tí Kò Ní Olówó

Ní ọdún 1974 kan náà tí eré yẹn jáde ní Amẹ́ríkà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa tí àwọn àgbà olùkọ́ kò lè gbàgbé. Ọdún náà ni ìgbìmọ̀ tí gbogbo ìjọba Nàìjíríà fi ń fikùnlukùn lórí ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá tuntun. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, tí àwọn ìjọ sì ti pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa, ọ̀pọ̀ àṣà ìkọ̀wé ti wà tí kò bá ohùn ẹnu mu. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde ní ọdún 1965. Ní ọdún 1966, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan ìgbìmọ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ọdún 1974.

Ẹ̀dà òfin tuntun ni èyí náà jẹ́. “Aiye” di ayé. “Enia” di ènìyàn. “Obirin” di obìnrin. “Ẹiyẹ” di ẹyẹ. “Yio” di yóò. “Oshogbo” di Òṣogbo. Ẹ rántí pé láti oṣù kìíní ọdún 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ilé-ẹ̀kọ́ ti kún fún ọmọ, ọmọ sì ń fẹ́ ìwé. Gbogbo ìwé tí ó wà nílẹ̀, àti Aláwíyé ti J. F. Ọdúnjọ, àti ìwé ìtàn, àti ìwé ewì, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Lójijì ni wọ́n di ohun tí a gbọ́dọ̀ tún tò. Olùkọ́ tí ó ti ń kọ́ ọmọ ní “yio” fún ogún ọdún níláti kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́tun.

Ìnáwó wà níbẹ̀, wàhálà sì wà níbẹ̀. A kò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìdá 25 lọ́wọ́ ẹni tí ó bá kọ “ènìyàn”. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ìwé àtijọ́ di èèwọ̀ láti tà. Bíbélì tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń kà ṣì ń kọ “aiye” àti “enia” títí di òní olónìí, ẹnikẹ́ni kò sì pe ìjọ lẹ́jọ́. Ọmọ Èkìtì tí ń pe ilé ní “ulé” nínú ọgbà baba rẹ̀, tí olùkọ́ sì ń kọ́ ọ láti kọ “ilé” sójú pátákó, kò san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lórí lẹ́tà kan. Àkọtọ́ jẹ́ òfin tí kò ní olówó. A lè tún un ṣe, a lè jà lé e lórí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè lé wa kúrò lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń tẹ̀wé ní Yorùbá lè fi ọkàn balẹ̀ gbin kòkó.

Ọ̀ràn Ti Òde Òní

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí èyí tí ó kàn wá lójú méjèèjì. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè orílẹ̀-èdè, nígbà tí Adamu Adamu jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ìlànà náà sọ pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn èdè Yorùbá dùn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wa létí. Ní ọdún 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ní gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí a sì fi olùkọ́ tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn; nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ. Ìwé ni iṣẹ́ tí ó nira jù níbẹ̀, nítorí kò sí lórí àtẹ. Àfi kí wọ́n jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, kí ọdún mẹ́ta tó pé gan-an, mínísítà tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, Tunji Alausa, kéde pé a ti wọ́gi lé ìlànà náà, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́-lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tí ó sọ ni pé àwọn ọmọ tí a fi èdè abínibí kọ́ ní àwọn agbègbè kan kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Kí oṣù náà tó dé, nínú ọdún 2025 kan náà, ìjọba àpapọ̀ tún ti kéde ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NERDC tò, èyí tí ó dín iye ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń kọ́ kù láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé girama.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òní jiyàn bóyá ìlànà ti 2022 dára ju ti 2025 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò Ifẹ̀ ti sọ tirẹ̀. Ohun tí a ń wò ni ti ẹni tí ó gba ìjọba gbọ́. Ẹ rò ó wò: olùkọ́ kan ní Ayédé tàbí ní Ìtápájì tí ó gbọ́ ìròyìn 2022, tí ó sì fi òru mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀ jókòó kọ ìwé ìṣirò ní Yorùbá, atẹ̀wé kékeré tí ó yá owó ra bébà dè é. Ìwé kì í jáde ní ọdún kan. Kí a tó kọ ọ́, kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó ya àwòrán rẹ̀, kí a tó tẹ̀ ẹ́, ọdún méjì ti lọ. Bí ìwé náà bá wá dé ojú ọjà nígbà tí òfin tí ó gbà á láyè ti kú, ta ni yóò san owó bébà? Kì í ṣe mínísítà tí ó fọwọ́ sí i. Kì í sì í ṣe mínísítà tí ó pa á rẹ́.

Èyí ni ibi tí ọ̀ràn tiwa fi burú ju ti Amẹ́ríkà lọ. Àwọn ti Amẹ́ríkà ní ìwé lọ́wọ́ tí wọ́n lè gbé lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Àwa kò ní nǹkan kan àfi ìkéde. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ohun tí a fi ẹnu kéde ni a tún lè fi ẹnu pa rẹ́, láìka orúkọ ẹgbẹ́ tí ó wà lórí àlééfà sí. Ìlànà kì í ṣe òfin ilé ìgbìmọ̀. Ilẹ̀ tí a fi ẹnu lásán fún ènìyàn nínú ọkọ̀ ìpolongo kì í ṣe ilẹ̀ tí a ń gbin kòkó sí.

Ẹ̀tọ́ Onílẹ̀

Òdodo kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé onílẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́. Ó ní in. Ẹni tí ó fi owó àti làákàyè rẹ̀ ṣe òfin eré lè sọ pé òun fẹ́ èrè lórí rẹ̀. Ìjọba tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún ètò ẹ̀kọ́ ṣe; àní, bí kò bá tún un ṣe, a óò máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ohun tí ayé ti fi sílẹ̀. Ẹ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àkọtọ́ 1974 fi hàn wá pé àtúnṣe lè ni ènìyàn lára kí ó sì jẹ́ ohun rere.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí a ṣe ń ṣe é. Nínú àṣà wa, onílẹ̀ kì í ṣàdédé lé àlejò tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, tí kò sì bá a du oyè ilẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ gba ilẹ̀ náà, a ó jẹ́ kí àlejò kórè ohun tí ó gbìn. Ìlànà yìí ti wà kí òyìnbó tó mú ìwé àdéhùn dé. Kò yẹ kí ìwà tí a ń hù sí ẹni tí ó gbin ẹ̀gẹ́ dára ju èyí tí a ń hù sí ẹni tí ó kọ̀wé lọ.

Ohun Tí Ó Yẹ Ní Ṣíṣe

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́rin, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkínní: kí gbogbo olùkọ́ tí ń kọ̀wé kọ́ láti ka ìwé àdéhùn kí ó tó fọwọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, sọ ọ́ pé bí a bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí kí a fún ẹnì kan ṣoṣo ní àṣẹ lórí rẹ̀, inú ìwé ni ó gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Kí olùkọ́ wá ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú ìwé náà: àṣẹ yìí yóò ti pẹ́ tó? Ta ni ó lè gbà á padà? Bí a bá gbà á padà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí a ti tẹ̀?

Èkejì: kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì fi àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Yorùbá tí a bá fi owó ìlú kọ sábẹ́ àṣẹ gbangba tí a kò lè gbà padà, irú èyí tí àwọn oníwèé eré gbà ní Amẹ́ríkà. Bí owó ará ìlú bá sanwó àtòjọ ọ̀rọ̀ ìṣirò ní Yorùbá, kí olùkọ́ ní Ìdó lè lò ó, kí atẹ̀wé ní Ìkọ̀lé lè tẹ̀ ẹ́, kí ará Ìlọrin àti ará Kétu lè mú un, láìkọ lẹ́tà bẹ̀bẹ̀ sí ọ́fíìsì kankan. Bí ìjọba mìíràn bá wọlé lọ́la tí kò sì fẹ́ràn Yorùbá, iṣẹ́ náà kò ní lè parẹ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta: bí ètò ẹ̀kọ́ bá máa yí padà, kí a kéde ọjọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, kí a sì jẹ́ kí ìwé àtijọ́ wà lórí àtẹ títí tí èyí tí a ti tẹ̀ yóò fi tán. Kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìpínlẹ̀ kọ èyí sínú òfin, kí ó má ṣe jẹ́ ìlérí. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń bá àwọn aṣòfin jẹun tí ẹ sì ń bá wọn mu, ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ bá wọn sọ nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò. Èyí yóò pẹ́ nílẹ̀ ju aṣọ àti ìrẹsì lọ.

Ẹ̀kẹrin: kí àwọn olùkọ́ àti atẹ̀wé ṣe ara wọn lọ́kan. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́ láti ọdún 2011, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Kò sí ìdí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀, àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò fi lè jókòó pọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí ó bá dá nìkan lọ sọ́dọ̀ onílẹ̀, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbà. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé eré fohùn ṣọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ ni ó gbà kí ilé-iṣẹ́ olówó ńlá tó yí ohùn padà.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀ràn ìwé kò tó ọ̀ràn ọ̀nà àti iná mànàmáná. A kò bá wọn jiyàn pé ọ̀nà kò dára. Ṣùgbọ́n Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ epo rọ̀bì. Ohun tí a fi mọ̀ wá káàkiri Nàìjíríà ni ìwé, olùkọ́ sì ni ó gbé orúkọ náà fún wa. Bí a bá jẹ́ kí ìwé tí olùkọ́ ń kọ wà lábẹ́ àánú ìkéde tí ń yí padà lọ́dọọdún, a ti fi ohun tí ó ṣe wá ní ènìyàn sórí ilẹ̀ tí kò dá wa lójú.

Ẹ jẹ́ kí a máa gbin iṣu sórí ilẹ̀ àwìn, kò burú. Iṣu kì í ju ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ọmọ wa kì í ṣe iṣu. Kòkó ni. Kí a tó fi í sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bá onílẹ̀ sọ ọ́ yékéyéké, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀.